Kí la máa gbé sórí Status lónìí? Ètò tí ọlọ́jà kékeré lè ṣe kó tó mú fóònù

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lójú ni pé wọ́n ń gbé àwòrán jáde lójoojúmọ́, àwọn èèyàn ń tẹ ọkàn pupa sí i, síbẹ̀ owó kò wọlé. Wọ́n á ní èrò ti pọ̀ jù lórí ayélujára, tàbí pé dátà ló ń jẹ gbogbo èrè. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ohun kan náà ni wọ́n ń gbé síwájú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, ẹni tó ti mọ̀ wọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rà, àti ẹni tó ti rà nígbà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń retí kò jọra rárá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan ṣoṣo: ẹni tó ń rẹ àdìrẹ láró tó sì ń tà á l'Ábẹ́òkúta, bóyá ní ọjà Ìtòkú, tó ní fóònù kan, tí kò sí ẹni tó ń bá a ya fídíò. Ẹni tó ń ta bàtà, wíìgì tàbí ẹja gbígbẹ lè máa fi ọjà tirẹ̀ rọ́pò bó ṣe ń kà á lọ.

Ta ló ń rí ohun tí ẹ gbé jáde?

Status orí WhatsApp kì í dé ọ̀dọ̀ àlejò. Ẹni tí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, tí òun náà sì fi tiyín pamọ́, nìkan ló ń rí i, bí ó bá sì ti pé wákàtí 24, ó ti pòórá. Ẹ̀yìnkùlé ni Status, ará ilé àti ojúlùmọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ra aṣọ lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò ní rí aṣọ tuntun tí ẹ gbé síbẹ̀ lónìí, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó. Nítorí náà, bí owó bá ti wọlé báyìí, gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọpẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi nọ́ńbà wa pamọ́ kí ẹ lè máa rí aṣọ tuntun. Àwa náà ti fi tiyín pamọ́." Bákan náà ni broadcast list, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe rí. Èèyàn 256 ni ẹyọ kan ń gbà, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà yín lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn tí wọ́n sì rò pé igba ló rí i.

Reels, fídíò kúkúrú orí Instagram, àti TikTok kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yín rí ni wọ́n ń gbé fídíò lọ bá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi han èèyàn díẹ̀; bí àwọn yẹn bá wò ó dópin, tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, wọ́n á tún gbé e lọ bá àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá fò ó lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló máa kú sí. Facebook wà láàárín méjèèjì: ojúlùmọ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ tó jọ kàwé jáde wà níbẹ̀, àlejò náà sì ń yọjú.

Ìdí nìyí tí àwòrán ìpolówó aláwọ̀ mèremère tó ní orúkọ iṣẹ́ yín, nọ́ńbà fóònù àti "À ń ta àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú" fi ń kùnà níbi méjèèjì. Àlejò kò tíì ní ìdí kankan láti dúró kà á. Ojúlùmọ̀ ti mọ̀ pé àdìrẹ lẹ̀ ń tà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye rẹ̀ àti bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí.

Ẹ lọ ka ohun tí wọ́n ti bi yín

Ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni inú WhatsApp yín, kì í ṣe inú ọgbọ́n orí. Ẹ jókòó fún wákàtí kan, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti nǹkan bí 30 èèyàn sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kí ẹ sì kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bèèrè sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí ìbéèrè tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ dáhùn rẹ̀ ni oníbàárà dákẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Fún alàdìrẹ, ìwé náà kò ní ṣàì ní irú àwọn yìí: Èló ni? Yáàdì mélòó? Ṣé kò ní ṣí? Ṣé aṣọ òwú ni àbí èyí tó ń yọ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é fúnra yín, àbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni? Ọjọ́ mélòó ló máa fi dé Ìbàdàn? Mo fẹ́ 40 fún aṣọ ẹbí, ṣé àwọ̀ wọn á dọ́gba?

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè di ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó gbé jáde. Ẹ mú "ṣé kò ní ṣí?" wò. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á kọ "Kì í ṣí rárá!!!" sábẹ́ àwòrán, kò sì sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi abọ́ funfun bu omi, kí ẹ fọ aṣọ náà níwájú fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà hàn. Bí omi àkọ́kọ́ bá ní aró díẹ̀, ẹ má ṣe gé e kúrò. Ẹ sọ pé aró tó kù lójú aṣọ ló ń jáde, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹ sì gbé aṣọ tó ti gbẹ ka ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ kò tíì fọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 40 tó fún un. Fídíò yẹn á dáhùn ìbéèrè náà fún oṣù púpọ̀, ẹ ó sì máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá tún béèrè.

Èyí tó jẹ mọ́ aṣọ ẹbí náà tóbi ju bó ṣe rí lójú lọ, torí owó ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Aró inú ìkòkò máa ń rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń rì aṣọ sí i, nítorí náà aṣọ kìíní àti aṣọ ogójì lè má dọ́gba. Ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń yanjú rẹ̀: bóyá ṣe lẹ ń pààrọ̀ aró lẹ́yìn iye aṣọ kan, bóyá ṣe lẹ ń ka iye ìgbà tí ẹ rì í. Ìyàwó tó ń wá aṣọ ẹbí kò bìkítà fún ìtàn ìgbésí ayé yín, ẹ̀rù ohun tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ máa sọ ló ń bà á.

Ohun tó ń dá àlejò dúró

Alàdìrẹ ní ohun kan tí ọlọ́jà púpọ̀ kò ní: iṣẹ́ rẹ̀ ń yí àwọ̀ lójú ẹni. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò máa ń ní àwọ̀ ewé tó fà sí ìyeyè, bí atẹ́gùn bá sì ti ń fẹ́ sí i ló ń di búlúù. Ẹni tí kò rí i rí kò ní lè fò ó. Ẹ máa rí ọlọ́jà tó ní irú nǹkan báyìí nílé, tó wá lọ ń jó orin tó gbòde níwájú fóònù. Kò burú kéèyàn jó, ṣùgbọ́n ẹni tó wá wo ijó kò wá ra aṣọ.

Ẹ má ṣe fi "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, orúkọ mi ni…" bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá wọ́n á fò ó. Aṣọ tó ń jáde nínú aró ni kó ṣáájú, ìkíni lè wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé. Ẹ kọ gbólóhùn kan sójú fídíò nítorí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìsí ohùn, àárín sì ni kí ẹ kọ ọ́ sí: bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, orúkọ yín àti àwọn bọ́tìnì á bò ó mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tún wà. Bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sójú aṣọ, bí wọ́n ṣe ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí tẹ ẹ̀kọ náà, bí wọ́n ṣe ń tú okùn tí wọ́n fi di àdìrẹ oníko kúrò tí ọnà sì ń ṣí sílẹ̀. Ọnà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ìbàdàndùn tó ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, fídíò odindi ni lọ́tọ̀: ẹ na ìka sí òpó náà lójú aṣọ, ó tán. Irú èyí náà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín aṣọ tí ọwọ́ ṣe àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn, ẹ yí ẹ̀yìn wọn padà. Aró máa ń wọ aṣọ tí wọ́n rẹ dé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn èyí tí wọ́n tẹ̀ sábà máa ń funfun.

Ọjọ́ kan fún àwòrán ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹni tó bá ń ya àwòrán tó sì ń gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà lójoojúmọ́ máa ń rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ méjì, ọjọ́ tí iṣẹ́ aró ń lọ gan-an, kí ẹ ya ohun mẹ́fà: fídíò mẹ́ta (iṣẹ́ ọwọ́ méjì, ìdáhùn ìbéèrè kan) àti aṣọ mẹ́ta tó wà fún títà. Fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́rin tó: odindi aṣọ, ọnà rẹ̀ láti ìtòsí, ẹ̀yìn rẹ̀, àti ìgbà tó wà lára èèyàn tàbí tí wọ́n ti rán an. Mẹ́fà yìí tó fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹ bá ń gbé mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀. Mẹ́ta tí kò yẹ̀ sàn ju ojoojúmọ́ tó máa dáwọ́ dúró lọ.

Àwọ̀ ni ìṣòro tó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí aṣọ bá dúdú bí aró, fóònù máa ń rò pé òkùnkùn ló ṣú, á wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, búlúù tó jinlẹ̀ á sì dà bí aṣọ àtijọ́. Ẹ tẹ ojú aṣọ náà lórí fóònù, ẹ dì í mú títí ó fi dúró, kí ẹ wá fa àmì oòrùn tó bá yọ wálẹ̀ díẹ̀ títí tí ohun tó wà lójú fóònù á fi jọ ohun tó wà níwájú yín. Ẹ pa iná inú ilé. Iná aláwọ̀ pupa rúsúrúsú àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í bára wọn ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà tí oòrùn kò ràn sí tààrà, ṣáájú aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, sàn ju iná olówó iyebíye lọ. Ẹ gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Bí bébà náà bá pọ́n tàbí tó dà bí búlúù lójú àwòrán, aṣọ náà ti parọ́ nìyẹn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kámẹ́rà. Epo ọwọ́ ló ń sọ àwòrán di kùrukùru, kì í ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ gbé fóònù dúró lóòró fún fídíò. Bí ẹ bá fẹ́ lo fídíò kan náà lórí TikTok àti Instagram, ẹ tọ́jú èyí tí ẹ yà gan-an, kí ẹ má ṣe wá a gbà láti TikTok pẹ̀lú àmì rẹ̀ lójú. Láti ọdún 2021 ni Instagram ti sọ pé òun kò ní máa gbé fídíò tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ síwájú èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì gba àwòrán padà láti WhatsApp láti lò níbòmíràn, torí WhatsApp ti sọ ọ́ di kékeré nígbà tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ AI tó ń yàwòrán: ẹ má ṣe fi wọ aṣọ yín fún ẹni tí kò sí láyé. Ó máa ń yí ọnà padà, ohun tí oníbàárà rí kò sì ní jẹ́ ohun tó máa gbà.

Iye, ọ̀nà ìbéèrè, àti ìwé tó wà nísàlẹ̀

"Ẹ wá inbox fún iye" ń lé èèyàn ju bó ti ń fà wọ́n lọ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà pàápàá sọ pé ẹni tó gbé ọjà síta fún títà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye rẹ̀ hàn. Bí iye bá ń yí padà, ẹ kọ "láti ₦… lọ sókè", kí ẹ sì sọ ohun tó ń mú un lọ sókè. Ọ̀rọ̀ tó tó láti kọ sábẹ́ àwòrán nìyí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ òwú, yáàdì 5, ₦25,000. Mẹ́ta ló kù. Ọjọ́ méjì dé Èkó, owó ìfiránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ tẹ ìlà yìí láti bá wa sọ̀rọ̀." Iye yẹn, àpẹẹrẹ ni o.

Ìlà náà ni wa.me/ tí nọ́ńbà yín tẹ̀ lé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni òdo àkọ́kọ́: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 gbọ́dọ̀ di 234803. Bí ẹ bá kọ 2340803, kò ní ṣí. Ẹ má sì fi àmì + sí i. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e síta.

WhatsApp Business, tí kò gba owó, ní ibi ìpàtẹ ọjà tó lè gba ọjà 500 àti ìdáhùn kúkúrú tí ẹ lè kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ìdáhùn sí "ọjọ́ mélòó ló máa fi dé Ìbàdàn?" kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀ látòkèdélẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ máa kà á láti ẹ̀yìn

Kàlẹ́ńdà ọlọ́jà aṣọ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ mú Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ni. Ẹgbẹ́ regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tó fẹ́ wọ aṣọ kan náà ní láti fẹnu kò, kí wọ́n san owó, kí ẹ rẹ aṣọ, kó dé ọwọ́ télọ̀, kí télọ̀ sì já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó rán an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò pọ̀ jù fún gbogbo èyí, ìyẹn ni pé àárín oṣù kẹrin ló yẹ kí fídíò aṣọ ẹgbẹ́ ti jáde. Nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba gba gbogbo ayélujára kan ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya aṣọ rẹ̀ nígbà náà ti pẹ́ fún ọdún yẹn. Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, nítorí náà kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kò ṣeé dà kọ.

Ìgbà tí ọjà ń rọ̀ náà yẹ kó wà nínú ètò. Nínú oṣù Ramadan àti àkókò Lẹ́ńtì, ìgbéyàwó máa ń dín kù. Lọ́dún 2025, láàárín ọjọ́ márùn-ún ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn kì í ṣe ìgbà láti máa pariwo aṣọ ẹbí. Ìgbà fídíò bí èèyàn ṣe ń fọ àdìrẹ nìyẹn, ìgbà aṣọ iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ìgbà tí ẹ ń ya fídíò tí ẹ ó lò fún Iléyá. Láàárín oṣù, ìdáhùn àti iṣẹ́ ọwọ́ ni kó pọ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 25, nígbà tí owó oṣù ń wọlé, ni kí àwòrán tó ní iye pọ̀ sí i.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Status 20 lóòjọ́: wọ́n á fi yín sí mute kí wọ́n má baà rí i mọ́, wọn kò sì ní sọ fún yín. Mẹ́ta sí márùn-ún tó, kí èyí tó ní iye jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì.

Rírà fọ́lówà: àwọn tí ẹ rà kò ní wo fídíò yín, àìwò wọn á sì jẹ́ kó dà bíi pé fídíò náà kò dáa.

Àwòrán oníbàárà tí ẹ kò tọrọ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ka àwòrán èèyàn mọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ béèrè lórí WhatsApp kí ìdáhùn wà nílẹ̀: "Ẹ má bínú mà, ṣé a lè fi àwòrán yìí sórí Instagram wa?" Bó bá jẹ́ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, òbí ni kí ẹ bi, bí wọ́n bá sì lọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀.

Orin: Instagram kì í jẹ́ kí àkáǹtì oníṣòwò lo gbogbo orin tí àkáǹtì ara ẹni lè lò, nígbà mìíràn wọ́n á pa ohùn fídíò yín. Ohùn omi aró àti ohùn yín fúnra yín kò ní oní-nǹkan tó máa bínú.

Owó ìpolówó ńkọ́? Ẹ má sanwó fún ohun tí kò rìn. Èyí tí àwọn èèyàn ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn láìsí owó ni kí ẹ fi owó tì, kí ẹ sì rántí pé Meta, tó ni Facebook àti Instagram, ń fi owó orí VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún Nàìjíríà láti ọdún 2022.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ọkàn pupa kọ́ ni ẹ ó kà. Ẹ ṣí ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́ta: ohun tí ẹ gbé jáde, iye èèyàn tó béèrè nítorí rẹ̀, iye tó sanwó. Ẹ bi gbogbo ẹni tó bá rà pé, "Níbo lẹ ti rí wa?", kí ẹ sì kọ ọ́. Lórí Instagram, iye ẹni tó fi pamọ́ àti iye ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ló sọ òótọ́ jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ìwé náà. Bí èèyàn bá ń wo fídíò púpọ̀ tí wọn kò sì béèrè nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá iye àti ìlà wa.me wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń béèrè tí wọn kò rà, fídíò kọ́ ló ní ẹ̀bi: ẹ padà sínú WhatsApp, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dákẹ́, kí ẹ sì wo aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n béèrè tí ẹ dáhùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ tún àkókò ìdáhùn ṣe kí ẹ tó ya fídíò mìíràn.